Omi Tí Wọ́n Ń Fi Orúkọ Yín Pè

Ìyé mi, ẹ̀yin tí mo ṣì máa ń kí kí n tó jáde nílé láàárọ̀,

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé tí inú bá ń bí mi, kí n kọ́kọ́ mu omi tútù kí n tó la ẹnu sọ̀rọ̀. Mo ti mu omi o. Inú ṣì ń bí mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí sí yín, torí kò sí ẹnì kan mọ́ ní Bàrígà tí mo lè bá sọ ọ́ tí kò ní sọ pé ìwé tí mo kà jù ló ń dà mí lórí rú.

Kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé ná. Mo ṣì wà nínú yàrá tí mo gbà ní Ọbaníkòró, onílé ṣì ń ti géètì bí ẹni pé adìẹ ló kó sílé. Nọ́ńbà yín ṣì wà nínú fóònù mi. Nígbà ayé yín, ẹ máa ń pè, ẹ ó sì gé e kí n tó gbé e, kí n lè fi káàdì tèmi pè yín padà. Ó máa ń bí mi nínú nígbà yẹn. Sùtánà yín wà nínú àpótí mi, mo máa ń fọ̀ ọ́ tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń fọ̀ ọ́ fún. Èéfín ò kúrò lára rẹ̀ títí dòní. Àǹtí Ẹ̀bùn, àbúrò yín, ló ń lo ààrò yín báyìí. Òun ni àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí ọ̀sà fi ṣe olórí lẹ́yìn yín. Ó ti sanra, ó sì ti ń ṣe bíi yín, tó bá fẹ́ sọ pé rárá, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ òun ni mo bá wá.

Ẹ ò lè ti gbàgbé etí ọ̀sà Bàrígà yẹn. Tí òjò bá dé tí ọ̀sà kún, omi á yí gbogbo ọ̀gangan yẹn ká, a ó máa gba orí pákó wọlé, ìyẹn ni gbogbo ayé fi ń pè é ní Erékùṣù. Ẹ̀yin àtàwọn ẹgbẹ́ yín lẹ fi yẹ̀pẹ̀ àti ìyẹ̀fun pákó kún un títí tó fi di ilẹ̀ tí ènìyàn lè dá ààrò sí. Ẹ ò sì lè gbàgbé kòkòrò. Dúdú kékeré yẹn, tó máa ń yé ẹyin sínú ẹja gbígbẹ, tí ìdin rẹ̀ onírun á máa jẹ ẹ́ láti inú títí ẹja àrọ̀ tó tóbi tó apá ọmọdé á fi di ìyẹ̀fun nínú apẹ̀rẹ̀. Mo rí ojú yín lọ́jọ́ tí ẹ tú apẹ̀rẹ̀ kan tí kò sí ohun tó kù níbẹ̀ ju orí àti egungun lọ. Ẹ gbá a jọ, ẹ dà á sọ́sà, ẹ wá lọ ra ọ̀tápíápíá bí gbogbo obìnrin etí ọ̀sà ṣe ń rà á.

Ẹ máa ń fi etí aṣọ bo imú, ẹ ó fi ọwọ́ kejì máa wọ́n ọn sórí ẹja, ẹ ó sì máa kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ aṣọ náà. Gbogbo ilé á máa rùn bíi kẹrosíìnì. Ikọ́ yín bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́ èéfín. Gbogbo wa la pè é ní ikọ́ èéfín, torí ta ni kì í húkọ́ nídìí ààrò? Nígbà tí a ó fi gbé yín dé ọsibítù, orí ìjókòó lẹ ti ń sùn, ẹ ò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Dókítà tó tọ́jú yín ò sọ pé oògùn kòkòrò ló fà á. Kò sì sọ pé òun kọ́. Ó bi mí bóyá ẹ máa ń wọ́n nǹkan sí ẹja, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ṣí ojú ewé kejì.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbèjà yín níbi tí wọn ò ti pè mí sí i. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi ní yunifásítì, ọkùnrin tó ń darí iṣẹ́ ìwádìí mi, ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì, ó ní ńṣe làwọn obìnrin ẹlẹ́ja ń mọ̀ọ́mọ̀ fún ará ìlú ní májèlé jẹ. Mo dìde láàárín èrò. Mo ní irọ́ ni, wọn ò mọ̀ ni. Mo ní ìyá mi wà lára wọn, àti pé ká ní ó mọ̀ ni, kò ní fi ọwọ́ kan ìgò ọ̀tápíápíá láyé. Ọ̀gá mi bẹ̀ mí níwájú gbogbo wọn pé kí n má bínú. Ọjọ́ pípẹ́ ni mo fi ń fi ọ̀rọ̀ yẹn yangàn, tí mò ń rò pé mo ti ṣe ohun kan fún yín.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo wá bu yẹ̀pẹ̀ ìdí ààrò yín sínú agolo mílíìkì. Ẹ bi mí bóyá kò sí yẹ̀pẹ̀ ní yunifásítì ni. Mo ṣàlàyé pé bakitéríà kan lè wà nínú yẹ̀pẹ̀, kòkòrò tí ojú ò lè rí, tó máa ń pa kòkòrò tí ojú ń rí, tí kò sì ní ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi bọ́ léjìká yín. Kòkòrò tí yóò pa kòkòrò. Ẹ ní tí èyí bá pa tọ̀hún tán, ta ló máa wá pa òun? Mo rò pé àwàdà lẹ ń ṣe, mo sì bá yín rẹ́rìn-ín.

Ẹ ti lọ kó tó yọrí sí nǹkan. Bakitéríà yẹn wà nínú yẹ̀pẹ̀ yín lóòótọ́. Mo rí àwọn ìbátan rẹ̀ mẹ́ta níbòmíràn, ọ̀kan lábẹ́ igi máńgòrò ní Pàmúgúróòfù, ọ̀kan lẹ́yìn ilé ìwé kan ní Ṣómólú, ọ̀kan nínú ọgbà ewébẹ̀ lápá Ìgbóbì. Ìrísí kan náà ni gbogbo wọn ní lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ṣùgbọ́n tí a bá fi wọ́n sínú abọ́ pẹ̀lú ìdin ẹja, tiyín nìkan ló ń pa á. Àwọn tó kù kàn ń bá ìdin gbé ni.

Ìyé, inú mi dùn kọjá sísọ. Mo gbé díẹ̀ lára omi tí mo fi ń tọ́ ọ ní lábù lọ sí etí ọ̀sà nínú ìgò, mo dà á sí abọ́ ìdin níwájú Àǹtí Ẹ̀bùn àtàwọn yòókù, mo ní kí wọ́n lọ sùn kí wọ́n padà wá wò ó. Wọ́n wò ó, ìdin ti kú. Mo sọ fún wọn pé inú yẹ̀pẹ̀ ìdí ààrò yín ni mo ti rí i, mo sì sọ ọ́ kedere pé ìwádìí ò tíì parí, mo sì gbé ìgò mi padà sílé. Àǹtí ò bẹ̀ mí pé kí n fi sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sìn mí dé ìdí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Nígbà tó padà, ó bu yẹ̀pẹ̀ ìdí ààrò, ó rẹ ẹ́ sínú omi ògì, ó gbé e sínú oòrùn títí tó fi kan, ó sẹ́ ẹ, ó wọ́n ọn sórí ẹja. Kòkòrò ò débẹ̀ mọ́. Kí n tó gbọ́, gbogbo wọn ló ti ń ṣe é, wọ́n sì ti fún un lórúkọ. Ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti wọ yunifásítì ni wọ́n ti ń pè yín ní Ìyá Dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì di dókítà ọ̀hún títí dòní. Omi Ìyá Dókítà ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo sunkún lójú pópó. Mo fẹ́ bínú pé wọn ò dúró dè mí, ṣùgbọ́n orúkọ yín dùn létí mi.

Ìgbà náà ni èsì dé. A ti fi àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sókè òkun kí wọ́n bá wa ka gbogbo jíìnì wọn, torí ẹ̀rọ tiwa ti bàjẹ́ kí n tó débẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti fi wọ́n wéra lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún yín, tí ẹ ó máa mi orí, tí ẹ ó sì máa ṣa òkúta inú ẹ̀wà lọ. Jíìnì wà lẹ́sẹẹsẹ nínú bakitéríà bí ìlẹ̀kẹ̀ orí okùn. Tí a bá na okùn àwọn ìbátan mẹ́rin sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìlẹ̀kẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí ọ̀dọ̀ ìyá kan náà ni wọ́n ti jogún rẹ̀. Àmọ́ níbì kan lórí okùn tiyín, ìlẹ̀kẹ̀ àjèjì tò wọ àárín. Kò sí lára àwọn mẹ́ta tó kù. Kò jọ ti ìyá wọn. Ọ̀dọ̀ bakitéríà mìíràn tí kò bá wọn tan ló ti gbà á, bóyá láyé àtijọ́, bóyá nídìí ààrò yín níbẹ̀. Irú ibẹ̀ yẹn làwọn onímọ̀ ń pè ní erékùṣù, torí ó dá dúró láàárín ohun tí kò jọ ọ́.

Inú erékùṣù yẹn ni agbára tó ń pa kòkòrò wà. Mo fò dìde lórí àga. Mo wá ń ka èyí tó tẹ̀ lé e, mo sì jókòó padà. Jíìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, tí àwọn méjèèjì jọ wọlé, ti májèlé tó ń mú kí ènìyàn máa ya ìgbẹ́ gbuuru ni. Èyí tó ń pa ìdin àti èyí tó ń da ìfun ènìyàn rú, àjọgbé ni wọ́n. Mo tún un wò ní lábù pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, torí mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà parọ́. Kò parọ́. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ẹja yíyan mu gààrí láì tún un sè.

Ọ̀gá mi gbọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ìwé tí a máa kọ lórí ẹ̀ á dùn kà ju bí òun ṣe rò tẹ́lẹ̀ lọ, ó ra ohun mímu tútù fún mi. Mo mu ún, torí òùngbẹ ń gbẹ mí. Kò bi mí rárá ibi tí ẹja wà.

Ẹja ti wà ní Ṣómólú. Wọ́n ní ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe àwọn ènìyàn ní òpópónà kan níbẹ̀, wọ́n ní omi kànga ni. Ó lè jẹ́ omi kànga lóòótọ́. Mi ò lè búra pé òun ni, mi ò sì lè búra pé òun kọ́, ìyẹn gan-an ni ò jẹ́ kí n lè jẹun. Mo ní kí Àǹtí bá mi pe gbogbo àwọn obìnrin ẹlẹ́ja jọ. Mo ti pinnu pé mi ò ní fi Gẹ̀ẹ́sì kankan kún un, torí mo mọ bí ojú yín ṣe máa ń ṣú tí mo bá dà á pọ̀. Mo wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún gbogbo rẹ̀, mo ń kọ́ ọ sórí bí ọmọ tó fẹ́ ka ẹsẹ Bíbélì. Mo dìde lábẹ́ páànù, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní ẹ̀yin ìyá mi, erékùṣù yìí ni wàhálà wa. Mo ní májèlé wà nínú erékùṣù náà. Mo ní àwọn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ìbílẹ̀, àjèjì ni wọ́n, ibòmíràn ni wọ́n ti wá. Mo ní tí a bá lè gé erékùṣù náà kúrò, gbogbo nǹkan á dára, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ò tíì sí lọ́wọ́ wa.

Ìyé, ẹ̀yin náà ti ń gbọ́ ohun tí èmi ò gbọ́. Orí Erékùṣù ni mo dúró sí tí mò ń sọ ọ́. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ariwo ti ń lọ pé ìjọba fẹ́ wá kó gbogbo wọn kúrò létí ọ̀sà, tí wọ́n ń pè wọ́n ní àjèjì tó ń ba omi jẹ́. Èmi ọmọ yín wá dúró láàárín wọn, mò ń sọ pé àjèjì ni wọ́n, pé májèlé wà níbẹ̀, pé ká gé e kúrò. Ká ní mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ni, wọn ì bá rò pé Lẹ́kí lọ́hùn-ún, tí ará Èkó ń fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn pè, ni mò ń wí, ì bá má sì kàn wọ́n.

Obìnrin tó ń ta ẹja ṣáwá, ẹni tó máa ń pọ̀n mí ní kékeré tí ọwọ́ yín bá dí, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ta ló rán mi. Mo ní erékùṣù inú bakitéríà ni mò ń sọ. Ó ní òun ti gbọ́, òun ò dití. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka ya okùn àti ìlẹ̀kẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀ kí ó lè yé wọn, wọ́n ní máàpù ni, pé mo ti ya ibi tí katapílà máa gbà wọlé. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ẹnì kan ní ká ní ìyá mi wà láyé ni, ojú ì bá tì í. Mo kó bàtà mi, mo lọ.

Láti ìgbà yẹn, tí mo bá kí wọn, ọ̀sà ni wọ́n máa ń wò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni pé ara mi ń rùn. Mo tún padà lọ bá Àǹtí lóun nìkan, mo ṣàlàyé láì dárúkọ erékùṣù rárá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á wò ó. Mo wá ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bà á jẹ́, ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi fi igbéraga ṣà. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ó ń tù mí nínú pẹ̀lú. Torí ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò yé wọn ni. Tó bá ti lè yé wọn, wọ́n á jáwọ́, bí ẹ̀yin náà ì bá ti jáwọ́.

Àná ni Àǹtí Ẹ̀bùn fúnra rẹ̀ wá bá mi ní Ọbaníkòró. Ó gbé abọ́ onídèérí kan wá, àrọ̀ ńlá mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ó yan wọ́n dáadáa, òróró ń tàn lára wọn. Mo gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Mo rò pé ìjà ti parí. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó gba omi mu, ó ní kí n jẹ ẹ́ láì fòyà, òun ò wọ́n omi Ìyá Dókítà sí i. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti wá bá wọn sọ̀rọ̀ ni òun ti ń yọ tèmi àti tàwọn ọmọ òun sọ́tọ̀.

Mo bi í bóyá ohun tí mo sọ yé e. Ó ní ó yé òun lọ́jọ́ náà gan-an, òun kì í ṣe ọmọdé, ó sì yé àwọn tó pariwo náà, ariwo ti ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń pa. Mo ní kí ló wá dé tí wọn ò jáwọ́? Ó ní kí wọ́n wá fi ẹja fún kòkòrò jẹ? Ó wò mí títí, ó ní kí n má wo òun bẹ́ẹ̀, ṣebí ẹ̀yin ìyá mi lẹ kọ́ òun. Ó ní nígbà ayé ọ̀tápíápíá, apẹ̀rẹ̀ kan máa ń wà lókè àjà yín tí ẹ máa ń fi aṣọ funfun bò, tí ìgò ò gbọdọ̀ dé ìtòsí rẹ̀. Ó ní inú ibẹ̀ ni ẹja tí mo jẹ dàgbà ti wá.

Mo rántí apẹ̀rẹ̀ yẹn. Mo rò pé ti wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wa ni.

Ìyé, ẹ mọ̀. Àbí ẹ fura lásán ni? Ìgbà wo lẹ mọ̀? Ṣé kí n tó wọ ilé ìwé ni, àbí nígbà tí ikọ́ ti ń gbé yín? Àwọn ọmọ ta ló ń jẹ èyí tó wà nísàlẹ̀? Ẹ̀yin ń fà á símú lójoojúmọ́, ẹ ò yọ ara yín sọ́tọ̀, èmi nìkan lẹ yọ. Mo dìde láàárín èrò nítorí yín. Mo fi yín búra. Ọkùnrin yẹn bẹ̀ mí, òótọ́ ló sì sọ, àárọ̀ ọ̀la ni màá tún wọ ọ́fíìsì rẹ̀ kí i, mi ò sì mọ ojú tí màá fi wò ó. Inú ń bí mi sí yín débi pé mo fẹ́ gbé sùtánà yẹn jù sọ́sà, mo sì ń ṣàárò yín débi pé mi ò lè gbé e.

Lẹ́yìn tí Àǹtí lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé abọ́ náà sórí itan. Ìdajì Ṣómólú ń jẹ èyí tí wọ́n wọ́n omi náà sí. Ebi ń pa mí, ẹja náà sì dùn bíi tiyín gẹ́lẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ẹ yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀.